Àga Tó Lẹ̀ Mọ́ Wọn Lára

Ẹ̀yin ará, kì í ṣe ẹ̀rí ayọ̀ ni mo bá wá síwájú yín lónìí. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ.

Nọ́ọ̀sì ni mí ní wọ́ọ̀dù àwọn aboyún, iṣẹ́ náà sì ti kú lọ́kàn mi tipẹ́. Bí aláìsàn bá pè, màá ní, "Mò ń bọ̀," n ò sì ní tètè dìde. Sísítà Dúpẹ́ tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ò rí bẹ́ẹ̀. Eré ló máa ń sá lọ bá ẹni tó bá pè é, títí àìsàn fi mú un lọ lọ́dún tó kọjá.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ pè mí lẹ́ẹ̀mẹta. Mo jókòó. Kí n tó débẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti kún bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀mí ti bọ́ lára rẹ̀. Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé ojú ẹsẹ̀ ni mo dá a lóhùn. Mi ò sunkún.

Lọ́sàn-án Ọjọ́rú tó kọjá, mo wà nínú ààwẹ̀. Mo gbàdúrà tán lórí ẹní, oorun sì gbé mi lọ. Ọkùnrin kan tó wọ aṣọ funfun fà mí lọ́wọ́ dìde, ó mú mi dé pápá tútù kan. Sísítà Dúpẹ́ ni mo rí níbẹ̀, ó ti ẹsẹ̀ bọ omi tó mọ́ gaara, ẹsẹ̀ tó máa ń wú mọ́ ọn nínú bàtà nígbà ayé rẹ̀. Kò wú mọ́.

Ó ní, "Ìyá Tọ́pẹ́, obìnrin yẹn wà lọ́dọ̀ wa níbí. Ó ń béèrè ọmọ rẹ̀."



Ọkùnrin náà tún fà mí. Ilẹ̀kùn irin kan ṣí, ooru gbá mi lójú. Àwọn kan ń sáré yí iná po, òógùn bò wọ́n, wọn ò sì dé ibì kankan.

Ó ní, "Àwọn yìí, àfi tí ọ̀gá bá ń wò wọ́n ni wọ́n tó ń ṣiṣẹ́."

Lẹ́yìn wọn ni mo rí àwọn tó jókòó, iná ń jó wọn látẹsẹ̀, wọ́n fẹ́ dìde, wọn ò lè dìde, àga ti lẹ̀ mọ́ wọn lára, wọ́n ń ké, wọ́n ń ké, ohùn kan ṣáà ń dá wọn lóhùn pé, "Mò ń bọ̀, mò ń bọ̀," ẹnikẹ́ni ò sì wá!

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni àwọn wọ̀nyí ṣe?"

"Wọn ò ṣe nǹkan kan."

Mo ń retí kí ẹ̀rù bà mí, kò bà mí. Mo sọ fún un bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ lára àwọn náà nìyẹn." Ó wá nawọ́ sí àga kan tó ṣófo.

Mo ta jí.

Mi ò tíì ṣínu ààwẹ̀ tí mo fi lọ bá ọkọ obìnrin tó kú náà. Ọmọ jòjòló wà léjìká rẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ìyàwó yín pè mí lẹ́ẹ̀mẹta, sà. Mi ò dìde."

Kò bú mi. Ó kàn béèrè pé, "Kí ló sọ?"

Mo ní, "Ó ní, 'Ẹ jọ̀ọ́, nọ́ọ̀sì, ẹ wá.'"

Ó wọlé, ó rọra ti ilẹ̀kùn.

Mo ti sọ òtítọ́ fún ọ̀gá wa ní ọsibítù náà, mo ń retí ohun tí wọ́n máa ṣe fún mi. Ẹ̀yin ará, bí ẹnì kan bá ń pè yín nídìí iṣẹ́ yín, ẹ dìde. Ẹ má dúró dìgbà tí ara yín bá yá sí i. Ara tèmi ò tíì yá títí di òní. Mo kàn ń dìde ni.