Ọgọ́ta Tí Mo Fi Hàn Ìyá Ìyàwó Mi

Ẹ̀yin tí ẹ máa ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán kí ẹ tó bínú. Mo ṣe ohun kan tí kò dáa sí ìyá ìyàwó mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbé e pa mọ́ sínú. Kò pa mí o, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí n gbádùn ìyìn tí àwọn èèyàn ń yìn mí.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ nísinsìnyí ni pé ẹlòmíràn ni wọ́n dá lẹ́bi fún ohun tí èmi ṣe. Wọ́n sì ti ní mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ ní gbangba. Ẹni tó ní kí n sọ ọ́, kì í ṣe ẹni tí mo lè kọ̀ sí lẹ́nu.

Kọ́lá ni orúkọ mi. Ìlaròó ni mo ń gbé. Píkọ́ọ̀pù ni mo fi ń jẹun. Mo ń kó iṣu, gààrí àti ata láti Ọjà-Ọ̀dàn àti Ìmẹ̀kọ wá sílé. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà oko wa lásìkò òjò mọ̀ pé ẹrẹ̀ ibẹ̀ kì í bá èèyàn ṣeré. Nígbà tí mo há sínú rẹ̀, tí wọ́n fi katakata fà mí jáde lójú àwọn oníbàárà mi, mo lọ ra táyà ńlá mẹ́rin. Ọkọ̀ náà ga sókè. Mo ń yí i ká, mo ń wò ó bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ẹṣin.

Fọkanáísà tó bá mi de táyà náà kìlọ̀ fún mi. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, táyà yìí tóbi ju èyí tí ọkọ̀ yín bá wáyé. Bó bá yí lẹ́ẹ̀kan, ilẹ̀ tó ń gbà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mítà tó ń ka eré ọkọ̀ yín kò sì mọ̀. Bó bá fi ọgọ́ta hàn yín, ẹ ti fẹ́ẹ̀ máa sá àádọ́rin. Ẹ lọ bá ẹni tó ní kọ̀ǹpútà, kó bá yín tún un ṣe."

Mo ní mo ti gbọ́. Òótọ́ ni, mo gbọ́. Mi ò kàn lọ ni.

Lásìkò yẹn, mo ń fẹ́ Fúnmi. Ìyá rẹ̀ ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ṣùgbọ́n Màmá Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ṣì ń pè wọ́n. Eré ọkọ̀ ló pa ọkọ wọn. Bọ́ọ̀sì ni bàbá Fúnmi wọ̀ lọ́jọ́ náà. Awakọ̀ ń sáré, àwọn èrò ń bẹ̀ ẹ́, kò dá wọn lóhùn. Láti ìgbà náà, bí Màmá bá wọ ọkọ̀, ńṣe ni wọ́n máa ń di ojú pinpin, wọ́n á máa ka sáàmù títí wọ́n á fi dé ibi tí wọ́n ń lọ. Wọ́n sì ti sọ fún àwọn ọmọ wọn pé awakọ̀ tó bá ń kọjá ọgọ́ta kò ní fẹ́yàwó nílé àwọn.

Awakọ̀ sì ni èmi.

Lọ́jọ́ kan, Màmá ní kí n wá gbé àwọn lọ sí Ọjà-Ọ̀dàn. Mo mọ̀ pé ìdánwò ni. Wọ́n jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n wọ gíláàsì wọn, wọ́n sì tẹjú mọ́ mítà.

"Kọ́lá, ọgọ́ta. Kò gbọdọ̀ fi bẹ́ẹ̀ kọjá bẹ́ẹ̀. Mo kó ọ̀rọ̀ yẹn jẹ, kò gbọdọ̀ kọjá bẹ́ẹ̀ rárá."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba tèmi rò. Oníbàárà mi kan ń dúró dè mí lọ́jà, oòrùn sì ti ń pa ata rẹ̀. Ọ̀rọ̀ fọkanáísà wá sí mi lọ́kàn. Mo mọ̀ pé tí mo bá fẹ́ sá ọgọ́ta tòótọ́, ọwọ́ mítà kò gbọdọ̀ ju àádọ́ta àti díẹ̀ lọ. Mo tún mọ̀ pé Màmá kò mọ̀. Ni mo bá gbé ọwọ́ mítà dé orí ọgọ́ta gan-an, mo sì dì í mú síbẹ̀. Ọwọ́ mítà kò mì. Ọkọ̀ ń fò.

Nígbà tí a dé, Màmá bọ́ gíláàsì wọn. Omi wà lójú wọn. Wọ́n ní, "Mo lajú dé ibí." Mo sọ̀ kalẹ̀, mo lọ sẹ́yìn ọkọ̀, mo ń tú okùn, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹrù kankan níbẹ̀.

A ṣe ìgbéyàwó. Màmá ń ròyìn mi káàkiri. "Àna mi kì í sáré. Ẹ lọ wo mítà rẹ̀." Àwọn ìyá tí kì í fi ọmọ wọn sọ́kọ̀ ẹnikẹ́ni bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ́n sínú tèmi bí wọ́n bá ń lọ síléèwé ní Ayétòrò. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní kí n wá bá àwọn ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀ lórí sùúrù. Mo lọ. Mo sọ̀rọ̀ náà dáadáa. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Nígbà tí èmi àti Màmá ń bọ̀ láti Ẹ̀gùá lọ́sàn-án ọjọ́ kan, agbo ewúrẹ́ já sójú títì ní ibi tí ọ̀nà ti kọ́. Mo tẹ bíréèkì. Táyà ńlá wúwo, kì í tètè dúró. Ọkọ̀ yọ̀ lọ, ó yọ̀ lọ, nígbà tó máa fi dúró, òbúkọ kan ti ń wò mí lójú kòrókòró.

Màmá mí kanlẹ̀. Wọ́n ní, "Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run pé ọgọ́ta la wà. Ká ní àádọ́rin ni, ọ̀rọ̀ mìíràn là bá máa sọ."

Àádọ́rin gan-an la wà. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá." Mo di sítíárìn mú, mi ò tètè gbé ọkọ̀ kúrò lójú kan. Màmá rò pé ewúrẹ́ ló já mi láyà, wọ́n ṣí báàgì, wọ́n fún mi ní súìtì.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí mi ò jẹ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Ojú tì mí ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí súìtì wà lẹ́nu rẹ̀ báyìí, báwo ló ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀?

Láìpẹ́ yìí ni ọkọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í dà mí láàmú. Bó bá ń gun òkè, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Jíà á wọlé, á tún jáde, bí ẹni tó gbàgbé ohun tó wá ṣe. Epo tó ń mu kò ṣeé sọ. Mo gbé e lọ bá Ẹ̀gbọ́n Múfú, mẹkáníìkì àdúgbò wa. Wọ́n ti ra kọ̀ǹpútà kékeré kan tí wọ́n ń so mọ́ abẹ́ sítíárìn. Òdìkejì bọ́dà ni Ẹ̀gbọ́n Múfú ti kọ́ṣẹ́, wọn kì í sì í parí ohunkóhun kí wọ́n má sọ pé "wàlà", ìyẹn "ó ti yọrí" lédè Faransé.

Wọ́n wo táyà mi, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Kọ́lá, o wọ bàtà ńlá fún ọkọ̀, o ò sì sọ fún un."

Wọ́n fi okùn wọn táyà náà yíká, wọ́n tẹ ìwọ̀n rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Wọ́n tún àsìkò tí jíà ń pààrọ̀ ṣe. Wọ́n yẹ bíréèkì wò. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí n wà á lọ sójú ọ̀nà, kí àwọn fi fóònù wo eré tí à ń sá gan-an. Fóònù ní ọgọ́ta. Mítà ní ọgọ́ta. "Wàlà," ni wọ́n wí. Nígbà tí a ń padà bọ̀, ọkọ̀ náà gun òkè bí ìgbà tí kò sí òkè níbẹ̀.

Mo ti fẹ́ sọ pé kí wọ́n fi mítà sílẹ̀ bó ṣe wà. Ṣùgbọ́n wọ́n á bi mí ní ìdí.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Màmá fẹ́ lọ ka Bíbélì níbi ìdúpẹ́ kan ní Ayétòrò. A kúrò nílé lásìkò tí a máa ń kúrò. Mo fi ọwọ́ mítà sórí ọgọ́ta. Màmá wo mítà, wọ́n wo ìta, wọ́n tún wo mítà.

"Kọ́lá, kí ló ṣe ọkọ̀ yìí? Àwọn igi kò kọjá bí wọ́n ṣe máa ń kọjá."

Mo ní bóyá ooru ni. Ooru, ẹ̀yin ará mi.

Nígbà tí a dé, a ti pẹ́, ẹlòmíràn ti ń ka Bíbélì náà lọ, ó ń kọsẹ̀ lórí orúkọ àwọn ìlú inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀. Bí a ṣe padà sínú ọkọ̀, wọ́n bi mí pé, "Ta ló fọwọ́ kàn án?" Mo dárúkọ Ẹ̀gbọ́n Múfú. Mi ò sọ nǹkan mìíràn. Ẹ jọ̀ọ́, ibẹ̀ gan-an ni ó ti dùn mí jù.

Màmá kì í sọ̀rọ̀ ní bòókẹ́lẹ́. Kò pẹ́ tí gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì fi gbọ́ pé Múfú ti ba ọkọ̀ àna wọn jẹ́. Onílé-ẹ̀kọ́ kan kó bọ́ọ̀sì rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ Ẹ̀gbọ́n Múfú. Àwọn onítakisí ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù wọn kọjá, wọn kì í yà mọ́. Ẹ̀gbọ́n Múfú wá bá mi nílé. Wọn ò tilẹ̀ bínú. Wọ́n ní, "Kọ́lá, jọ̀ọ́, bá mi sọ fún Màmá pé mítà ló ń parọ́ tẹ́lẹ̀."

Mo rò ó wò pé mo lè sọ bẹ́ẹ̀, kí n sì fi kún un pé èmi náà ò mọ̀. Ta ló fẹ́ lọ wá fọkanáísà kàn? Ṣùgbọ́n mo kọ́kọ́ sọ gbogbo rẹ̀ fún Fúnmi. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Lójijì, ẹ̀rín náà dá. "Bàbá mi," ó wí. Ó ní, "O ò gbọdọ̀ sọ pé o ò mọ̀."

Mo bá Màmá lẹ́yìnkùlé, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ro gbogbo rẹ̀ láti orí táyà. Wọ́n ń bó ẹ̀gúsí wọn lọ. Nígbà tí mo dákẹ́, wọ́n bi mí pé, "Ọjọ́ ewúrẹ́ ńkọ́?"

"Àádọ́rin, Màmá."

Wọ́n gbé àwo ẹ̀gúsí sílẹ̀. "Láti ìgbà tí bàbá Fúnmi ti lọ, inú òkùnkùn ni mo ti ń rìnrìn àjò. Inú ọkọ̀ rẹ ni mo ti lajú. Ohun tí mo wá ń wò nígbà náà, irọ́ lásán ni."

Mo sunkún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín.

Ó pẹ́ kí wọ́n tó ní kí n dìde. Wọ́n ní, "Mo ba orúkọ ọmọ ọlọ́mọ jẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi á tún un ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìwọ náà, wá ibi tí èèyàn pọ̀ ju ṣọ́ọ̀ṣì lọ, kí o sọ tìrẹ." Ìdí nìyí tí ẹ fi ń ka èyí. Ẹ̀yin tí ẹ kó ọkọ̀ yín kúrò lọ́dọ̀ Ẹ̀gbọ́n Múfú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó o padà. Wọn ò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀yin òbí tí ẹ fi ọmọ yín sínú ọkọ̀ mi, ẹ fi orí jì mí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí mo wàásù sùúrù fún, ìwàásù náà dáa, ẹ má wo ẹni tó ṣe é.

Ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀. Màmá ní àwọn kò ní jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ mọ́, àwọn fúnra àwọn ló máa wakọ̀. Mo rò pé ìbínú ni. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n lọ bá Ẹ̀gbọ́n Múfú, wọ́n tọrọ àforíjì, wọ́n sì ní kí wọ́n kọ́ àwọn ní ọkọ̀ wíwà. Ẹ̀gbọ́n Múfú gbà. Nínú píkọ́ọ̀pù mi ni wọ́n ti ń kọ́ wọn. Bí Màmá bá páàkì dáadáa, "wàlà". Bí wọ́n bá gun kọ́bù ẹ̀gbẹ́ títì, Ẹ̀gbọ́n Múfú á wo ibòmíràn. Àwọn èèyàn ń wá sí ṣọ́ọ̀bù láti wá wòran, àwọn mìíràn sì ti ń mú ọkọ̀ wọn dání.

Ní báyìí, bí a bá ń lọ sọ́jà, Màmá ló ń wakọ̀, èmi ló ń jókòó. Ogójì ni wọ́n máa ń sá. Kẹ̀kẹ́ ń kọjá wa. Ọlọ́kadà tó ru iṣu ń kọjá wa. Àwọn tó mọ̀ mí ń kí mi láti ẹ̀gbẹ́ títì pé, "Ọ̀gá onímọ́tò, ẹ kú ìjókòó."

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a ń bọ̀ láti Ìmẹ̀kọ. A dé ibi tí ọ̀nà ti dán, tó sì tọ́. Mo rí i tí ọwọ́ mítà ń gòkè, tó sì dúró lórí ọgọ́ta. Màmá kò wò ó rárá, ọ̀nà ni wọ́n ń wò.

"Kọ́lá, ṣé ọgọ́ta nìyí?"

Mo yọ fóònù mi kí n fi hàn wọ́n.

"Mi ò bi fóònù. Ìwọ ni mo bi."

Mo ní, "Ọgọ́ta ni, Màmá." Wọ́n ń wakọ̀ wọn lọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ mọ ọkàn ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e yẹ̀ wò. Ṣé wọ́n ti dárí jì mí nìyẹn, àbí ó ṣì kù? Mo fẹ́ bi wọ́n fúnra wọn, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ọkàn wọn kúrò lójú ọ̀nà.