Ọbẹ̀ Tí Mo Dá Lẹ́bi Láìmọ Adùn Rẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin onífèrè, ẹ sinmi díẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń jẹun lórí koríko, ẹ máa jẹun yín lọ, ṣùgbọ́n ẹ ya etí kan fún mi. Wọ́n pè mí sórí pèpéle yìí kí n wá ṣe adájọ́ ọbẹ̀, àwọn àwo sì nìyí níwájú mi. Mi ò ní fọwọ́ kan ìkankan títí màá fi sọ ohun tó wà nínú mi. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Òní ló bá tèmi, lórí ẹní, níbi tí èmi àti ẹbí mi jókòó sí lọ́ọ̀ọ́kán yẹn.

Ahọ́n-kì-í-purọ́ ni gbogbo yín ń pè mí. Nílé oúnjẹ tí mo ti jẹ́ olórí alásè, ṣíbí kan péré ti tó kí n mọ ohun tó kù nínú ìkòkò. Òtítọ́ ni, nígbà kan. Lẹ́yìn náà ni ibà dá mi dùbúlẹ̀, nígbà tí mo sì dìde, imú mi ti kú, adùn ẹnu mi ti bá a lọ. Ata kàn ń ta mí lẹ́nu lásán ni, bí mo bá mu ọbẹ̀, bí ẹni mu omi gbígbóná ni. Ó yẹ kí n sọ fún ọ̀gá mi, ìgbéraga ò jẹ́. Ọkọ mi nìkan ló mọ̀, òun ló sì di ahọ́n mi. Káfíńtà ni. Àràárọ̀ ló ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé bí ẹni tó wá tún àga ṣe, á tọ́ ọbẹ̀ wò: bí iyọ̀ bá dín, á họ etí, bí ó bá pọ̀, á wúkọ́. Ìgbà tí ikọ́ gidi mú un, ṣe ni mò ń dín iyọ̀ kù, tí àwọn oníbàárà sì ń jẹ ọbẹ̀ tó tẹ́ bí omi òjò. Ẹ lè rẹ́rìn-ín. Ibi tó pani lẹ́rìn-ín mọ níbẹ̀.

Ọdún tí ìdíje ọbẹ̀ kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní pápá yìí, èmi àti bàbá oníbúrẹ́dì ni wọ́n fi ṣe adájọ́. Àbúrò mi obìnrin, ọmọ ìyá mi, wà lára àwọn tó díje. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ilé oúnjẹ tirẹ̀ ni. Èmi ni mo kọ́ ọ bí a ṣe ń mú ọ̀bẹ, kò sì gba ẹnikẹ́ni gbọ́ tó mi. Á ní, bí ẹ̀gbọ́n òun bá ti lè ní ó dáa, ó dáa nìyẹn. Lọ́jọ́ náà wọn kò sọ ẹni tó se èwo fún wa. Mo ń fojú wá ọkọ mi láàárín èrò, bóyá màá rí etí rẹ̀, mi ò rí i. Ni mo bá dá ọgbọ́n: mo ń wo ojú bàbá oníbúrẹ́dì. Bí ojú rẹ̀ bá tú ká, màá yin ọbẹ̀. Bí ó bá dákẹ́, èmi náà á mi orí. Ẹ kò fura rárá, ẹ tiẹ̀ ń pàtẹ́wọ́ fún mi.

Ó wá kan ọbẹ̀ ẹja kan. Mo rí bí wọ́n ṣe gé àlùbọ́sà rẹ̀ ní dídábùú, tín-ín-rín, mo sì mọ ọwọ́ tó gé e, torí èmi ni mo kọ́ ọwọ́ náà. Bàbá fi ṣíbí sẹ́nu, ojú rẹ̀ sì fún pọ̀ bí ẹni gbé oògùn kíkorò mì. Wọ́n na gbohùngbohùn sí mi. Mo lè sọ pé kò burú. Àmọ́ ẹ̀rù bà mí: bí mo bá yìn ín, tí kò sì dùn, àṣírí mi tú nìyẹn. Mo ní, “Ẹni tó se èyí, kó tètè wá iṣẹ́ mìíràn ṣe.” Gbogbo pápá bú sẹ́rìn-ín, èmi náà bá yín rẹ́rìn-ín. Mo rí àbúrò mi lẹ́yìn ààrò rẹ̀. Ó ń nu ọwọ́ tí kò tutù, ó ń nu ún ṣáá.

Bí a ṣe ń lọ sílé, bàbá oníbúrẹ́dì, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ, gbá ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, ó ní, “Ọbẹ̀ ẹja yẹn mà dùn lẹ́nu tèmi o. Eyín mi tó jẹrà ni ṣíbí kọ lù. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀yin ti sọ̀rọ̀, mo ní ta ni èmi?” Ẹ gbọ́ mi dáadáa, torí ibí ni mo ti di èèyàn burúkú: mo mọ̀, mo sì dákẹ́. Àbúrò mi wá bá mi nílé, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má tìtorí pé mo jẹ́ tiyín tàn mí. Ṣé kí n pa á tì?” Mo ní iṣẹ́ kì í ṣe ti gbogbo èèyàn. Ó kó àwọn ìkòkò rẹ̀ jáde láti tà, mo sì bá a gbé èyí tó wúwo jù. Láti ìgbà náà, aṣọ ló ń lọ̀ nílé ìfọṣọ.

Ọdọọdún ni mò ń wá àwáwí kí n má bàa ṣe adájọ́. Lọ́dún yìí àwáwí tán, mo sì ti múra irọ́ mìíràn sílẹ̀. A tẹ́ ẹní wa, àbúrò mi sì gbé ọbẹ̀ wá nínú fúláàsì, torí ẹbí nìkan ló ń se é fún. Obìnrin akọrin yẹn gbé ohùn sókè, gbogbo pápá sì dákẹ́ rọ́rọ́, àtọmọ ọwọ́. Inú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni mo ti gbọ́ òórùn èéfín. Mo rò pé àlá ni. Mo gbọ́ òórùn koríko, ti orí ọmọ mi, ti aṣọ ọkọ mi tó kún fún igi. Gbogbo ayé padà wọ inú mi lẹ́ẹ̀kan náà, jìnnìjìnnì sì bò mí. Mo wá tọ́ ọbẹ̀ àbúrò mi wò. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹnu ò gbà á ròyìn. Iyọ̀ kò ṣáájú, ata kò sá lọ, ẹja sì wà níbẹ̀ bí ẹni pé inú omi ló ṣì wà. Ohun kan sì tún wà níbẹ̀ tí èmi kò kọ́ ọ, tí mi ò sì mọ̀ ọ́n ṣe láyé mi. Mo bú sẹ́kún. Àwọn ọmọ rò pé orin ló ń pa mí lẹ́kún.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ bọ̀wọ̀ fún àgbà, àmọ́ ẹ má gbé ahọ́n yín fún un. Àbúrò mi, ẹyin lohùn, mo mọ̀ pé èyí tí mo fọ́ kò ṣeé kó. Mo bẹ̀ ọ́, dárí jì mí. Bí kò bá sì ṣeé ṣe, padà sídìí ààrò rẹ láìdárí jì mí.

Ó ti dìde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà fún un lọ́nà, ó ń bọ̀ níbí. Mi ò lè mọ ohun tó wà lójú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú ẹ̀rọ, ẹ má pa gbohùngbohùn yìí o. Ohunkóhun tó bá fẹ́ sọ sí mi, ẹ jẹ́ kí gbogbo pápá gbọ́ ọ, torí gbogbo pápá ló gbọ́ tèmi.