Ìlà Kan Tí Mo Kọ Láìgbọ́

Alága wa, Baba Aláago, ẹ̀yin tí ẹ ń tún aago gbogbo èèyàn ṣe tí ti ọwọ́ yín kì í sì í bá ti ẹnikẹ́ni dọ́gba, mo kí yín. Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́ tí ẹ jókòó níwájú, mo júbà. Ẹ̀yin àlejò wa, títí kan ẹ̀yin tí ẹ wá torí pé ẹ gbọ́ pé oúnjẹ wà, ẹ kú ìjókòó. Ìyàwó Mo-ti-dé, aránṣọ ìsàlẹ̀ ilé yìí, mo rí yín níbi fèrèsé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì lọ, ọ̀rọ̀ yín wà nínú ọ̀rọ̀ mi. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ olùgbọ́ rédíò, ẹ̀yin èèyàn mi.

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ yìí. Iṣẹ́ mi kò ju pé kí n jókòó ti rédíò, kí n sì kọ ohun tí mo bá gbọ́ sínú ìwé ìgbọ́: aago mélòó ni, ìkànnì wo ni, ta ló sọ̀rọ̀, kí ló sọ. Mo ti kọ ti awakọ̀ takisí, mo ti kọ ti panápaná, mo ti kọ ti àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi. Ní ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé kọ̀ọ̀kan, òfin kan ṣoṣo ni mo máa ń kọ síbẹ̀: Kọ ohun tí o gbọ́, má kọ ohun tí o mọ̀.

Èmi nìkan kọ́ ni mo ṣe é. Baba Aláago ló gun òrùlé nínú òjò láti so wáyà wa mọ́ òpó, okùn ìsáṣọ ìyàwó wọn ni wọ́n sì fi so ó. Ìyàwó wọn dúró nísàlẹ̀, ó ní, "Ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ wá gbé aṣọ tútù yín wọ̀." Nọ́ọ̀sì wa tó jókòó sẹ́yìn yẹn, bó bá gbọ́ ẹ́ńjìnì ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ti mọ ẹni tó ń wà á. Ta ló máa sọ pé irú àwọn èèyàn báyìí ò níyì? Ẹ bá mi pàtẹ́wọ́ fún wọn.

Ó dáa. Ẹ sọ ọwọ́ yín kalẹ̀, torí ohun tó kàn kì í ṣe ti àtẹ́wọ́.

Gbogbo yín mọ̀ pé ẹgbẹ́ fẹ́ ra ẹ̀rọ ìgbọ́ tuntun, sikánà ìgbàlódé. Ọmọ mi obìnrin, Ẹnjiníà, ni olórí àwọn tó ń yan èyí tí a máa rà. Ó gbé ọ̀kan wá fún ìdánwò, ó gbé e sórí tábìlì yìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò àtijọ́ wa tí ojú rẹ̀ ti pọ́n bí ojú ẹni tí kò sùn. A bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ẹ̀rọ náà wò bí ẹni tó fẹ́ fẹ́ ìyàwó. Ó lè yẹ ọgọ́rùn-ún ìkànnì wò kí ẹ tó mí. Ó ń gba ohùn sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì ń kọ aago sí i. Ó tún ní bọ́tìnì kan tí a ń pè ní Fò-ó: bí ìkànnì kan bá ti di ariwo lásán, ẹ̀rọ á fò ó, kò sì ní padà síbẹ̀ mọ́ àfi tí èèyàn bá ní kó padà.

Nọ́ọ̀sì ní, "Ẹ̀rọ yìí gbọ́n ju ọkọ mi lọ."

Baba Aláago ní, "Kí ni kò gbọ́n ju ọkọ yín lọ?"

Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ náà, inú sì ń bí mi. Mo ní, "Ẹnjiníà, ṣé etí ni ò ń rà fún wa ni, àbí ohun tí a fi ń dí etí?" Ó ní, "Màmá, ohun tí ẹ̀ ń pè ní etí, àárẹ̀ máa ń mú un." Mo ní ṣé èmi ló ń sọ pé ó ti rẹ̀. Ó ní òun ò sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní ó sọ ọ́. Ẹ mọ bí ìyá àti ọmọ ṣe ń jà níwájú èèyàn, tí gbogbo ilé á máa wo ilẹ̀.

Ẹ sì mọ Mo-ti-dé. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni ó ń kó ẹrù kọjá omi lọ sí òdìkejì, pẹ̀lú rédíò kan tó dàgbà ju tiwa lọ. Bó bá gúnlẹ̀ ní aago mẹ́rin, á ní, "Mo ti dé o. Ẹ bá mi sọ fún wọn nílé." Ibẹ̀ ni ó ti gba orúkọ. Aya rẹ̀ á sì gbójú sókè láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ nísàlẹ̀, á pariwo pé, "Akọ̀wé, ṣé ó ti dé?"

Lọ́jọ́ náà, ẹnu mi ń jà, etí mi ò sí níbẹ̀. Aago lu mẹ́rin. Mo na ọwọ́ sí ìwé, mo kọ ọ́: Aago mẹ́rin, Mo-ti-dé, ó ti gúnlẹ̀. Ó ṣe tán, ìgbà wo ni kì í gúnlẹ̀? Ìyá aránṣọ pariwo láti ìsàlẹ̀, mo sì dáhùn láìwo ẹ̀yìn pé, "Ó ti dé!"

Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò gbọ́ nǹkan kan.

Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, ọmọ mi yẹ ohun tí ẹ̀rọ gbà sílẹ̀ wò. Ó rọra sún mọ́ mi, ó ní, "Màmá, kò sí ohùn kankan lórí ìkànnì ọkọ̀ ojú omi ní aago mẹ́rin. Ta ni ẹ gbọ́?" Mo ní ẹ̀rọ rẹ̀ ló dití. Mo mọ̀ pé irọ́ ni mo pa, mo sì jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀, torí pé bí mo bá gbà, ìjà ti tán nìyẹn, òun ló sì borí.

Nígbà tó di aago márùn-ún, gbogbo wọn ti ń palẹ̀ mọ́. Mo lọ fi etí mọ́ rédíò àtijọ́, bóyá ẹ̀rí ọkàn ló tì mí síbẹ̀. Lábẹ́ ariwo tó ń hó bí epo nínú agbada, mo gbọ́ ohùn Mo-ti-dé: "Ẹ́ńjìnì ti kú. Omi ń wọlé." Sikánà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, iná rẹ̀ ń tàn rẹ́rẹ́, kò gbọ́. Ó ti fo ìkànnì náà láti aago mẹ́rin ààbọ̀, ó ní ariwo lásán ni. A ké sí àwọn tó ń ṣọ́ etí omi, wọ́n gbé e kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ẹ wá gbé àwo ẹ̀yẹ tó ń dán yìí fún mi lónìí. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé, Etí Tó Gba Ẹ̀mí Là. Gbogbo yín gbà pé Mo-ti-dé gúnlẹ̀ ní mẹ́rin, pé ìgbà tó ń padà bọ̀ ni ẹ́ńjìnì kú. Kò gúnlẹ̀ rárá. Wákàtí kan gbáko ló fi wà lórí omi tí ẹnikẹ́ni ò wá a, nítorí ìlà kan tí mo kọ. Ẹni tó ni etí tó gbà á là náà ló ni ọwọ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ẹ gba àwo yín. Mi ò gbé e lọ sílé.

Ìyá aránṣọ, ẹ̀yin mọ̀. Ọkọ yín ti sọ fún yín. Ẹ ò bú mi, ẹ ò fẹjọ́ mi sun ẹnikẹ́ni, ẹ kàn ṣíwọ́ bíbèèrè lọ́wọ́ mi ni. Láti ọjọ́ yẹn, mo ń jókòó síbí lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, ìsàlẹ̀ dákẹ́, ìdákẹ́jẹ́ yẹn sì le ju èébú lọ. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín, lójú gbogbo èèyàn.

Ẹnjiníà, ìwọ náà mọ̀, o sì bò mí láṣìírí. O ṣeun. Má tún ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé mo jẹ́wọ́ kí n lè gbà fún yín. Ẹ dìbò lọ́sẹ̀ tó kọjá, méje sí márùn-ún, pé ìkànnì ọkọ̀ ojú omi yóò wà lórí Fò-ó, torí ariwo rẹ̀ ń dí àwọn yòókù lọ́wọ́. Ẹ ní kí Mo-ti-dé ra rédíò tuntun. Ẹ tún ní ipò akọ̀wé ti parí, ẹ̀rọ ni yóò máa kọ̀wé. Mo ti bi ara mi nínú ìwé tí mò ń kọ nílé lálaalẹ́ bóyá ipò mi ni mò ń gbèjà. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ díẹ̀. Síbẹ̀ mi ò gbà! Ẹ̀rọ ò purọ́ ní aago mẹ́rin. Èmi ni mo purọ́. Èmi ò dití ní aago márùn-ún; ẹ̀rọ ló dití. Ta nínú àwa méjèèjì ni ẹ fẹ́ kí èèyàn fi ẹ̀mí rẹ̀ lé lọ́wọ́ ní òun nìkan? Ẹ ra sikánà, ó dára. Ẹ yọ ìkànnì yẹn kúrò lórí Fò-ó, kí èèyàn kan sì jókòó tì í lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ pẹ̀lú bírò lọ́wọ́. Bí ẹ ò bá ṣe é, èmi á máa ṣe é nínú yàrá mi. Ẹ lè gba ipò lọ́wọ́ mi. Ẹ ò lè gba etí.

Ẹ gbọ́, aago ti lu mẹ́rin. Ọjọ́bọ̀ ni òní, Mo-ti-dé sì wà lórí omi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó ń fa àga yẹn, dúró ná.

Ìyá aránṣọ, kí lẹ wí? Ẹ tún un wí, kí gbogbo wọn gbọ́.

"Ṣé ó ti dé?"

Mi ò tíì gbọ́, ìyá. Ìdáhùn tó yẹ kí n fún yín lọ́jọ́ náà nìyẹn. Mi ò tíì gbọ́.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti lọ báyìí. Bí a ti ń dúró, ẹ jẹ́ kí n ṣàdúrà. Ohùn yín ò ní di ariwo létí ẹni tó yẹ kó gbọ́ yín. Ẹ ò ní pè kí ẹ má rí ẹni dáhùn. Ẹni tó jáde nílé yín yóò dé, ẹni tó ń dúró dè é yóò sì...

Ẹ dákẹ́. Ẹ dákẹ́! Ẹnjiníà, wá fi etí sí rédíò àtijọ́ yìí. O gbọ́? "Mo ti dé o." Ìyá aránṣọ, ó ti dé!

Gba bírò, ọmọ mi. Rárá, má kọ mẹ́rin. Mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni. Aago ara ògiri ni kí o wò, má wo ti Baba Aláago. Kọ ọ́ bí o ṣe gbọ́ ọ.

Ẹ̀yin tí ẹ dákẹ́ kí á lè gbọ́, ẹ ṣé o.