Ohun Tó Sọ fún Mi Nínú Ọkọ̀ Bẹẹrẹ

Wọ́n ní okùn ni wọn yóò fi pa mí. Adájọ́ ló sọ bẹ́ẹ̀, mo sì gbọ́ ọ dáadáa, nítorí ilé ẹjọ́ dákẹ́ lọ́jọ́ náà débi pé a ń gbọ́ ìró fáànù tó ń yí lókè. Wọn kò sọ ọjọ́ tí yóò jẹ́. Ọdún méjì rèé tí mo ti ń retí rẹ̀ nínú yàrá yìí, àwa mẹ́rin. Tí mo bá gbọ́ ìró kọ́kọ́rọ́ láàárọ̀, àyà mi á kọ́kọ́ já, lẹ́yìn náà ó kàn máa ń rẹ̀ mí ni. Àárẹ̀ yẹn ti pọ̀ ju ẹ̀rù lọ báyìí.

Ihò kan wà lára ilẹ̀kùn wa. Èyí tó bá wù nínú àwọn wọ́dà lè yọjú wò wá nígbà tó bá fẹ́. À báà máa sunkún, à báà jókòó lórí garawa tí a fi ń ṣe ìgbọ̀nsẹ̀, yóò wò wá tẹ́rùn, yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Ó yẹ kí n ti mọ bí irú ìyẹn ṣe máa ń rí lára ènìyàn kí n tó dé ibí.

Alfáà tó ń wá bá wa kírun ní ọjọ́ Jímọ̀ ló fún mi ní ìwé yìí àti bírò kan. Ó ní kí n kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, kí n má fi ọ̀kankan pa mọ́. N kò ní dárúkọ ara mi. Ìyá mi ṣì ń ta ọṣẹ dúdú ní Ọjà'ba, wọ́n sì ti ń nàka sí i tó.

Beyerunká ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà ní girama kí n tó lọ kọ́ iṣẹ́ tàílì. Iṣẹ́ gidi ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ni. Ẹ lè to tàílì ilé kan kó dán bíi dígí, wọn á wọ bàtà gun orí ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bèèrè pé ta ló tò ó. Mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn mí, àfìgbà tí mo rí ohun tó jẹ́ kí wọ́n máa béèrè mi.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ kéré. Lọ́jọ́ kan, mo wọ Máíkírà, takisí kékeré tí gbogbo Ìbàdàn ń wọ̀, ọkùnrin kan tó sanra sì sùn lọ sí ẹ̀gbẹ́ mi. Ó la ẹnu sílẹ̀, itọ́ ń ṣàn sí àgbọ̀n rẹ̀, ó ń hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta. Mo yọ fóònù mi, mo ya á ní fídíò. Nígbà tí mo dé ibi iṣẹ́, mo fi han Ràfíù tí a jọ ń to tàílì. Ràfíù rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sórí àpò sìmẹ́ńtì.

Ó ní, "Wo bí imú ẹ̀ ṣe ń fẹ̀ bíi ti ẹṣin! Gbé e síta jàre."

Mo ní, "Ṣé kò ní bínú?"

"Ó ń sùn! Ẹni tó ń sùn ń bínú ni?"

Mo gbé e síta. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ó ti dé orí fóònù àwọn tí mi ò mọ̀ rí. Ní Bẹẹrẹ, ọmọkùnrin kan nàka sí mi, ó ní, "Ìwọ kọ́ lo ya bàbá olóorun yẹn? Bàbá Kámẹ́rà!" Orúkọ yẹn dùn mọ́ mi. Mo rìn bí ẹni tó ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ títí mo fi délé.

Mo fi fídíò náà han ìyá mi. Òun náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló nu ọwọ́ ọṣẹ nù lára ìró rẹ̀.

"Ta lèyí?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n, màámi."

"Ó mọ̀ pé o ń ya òun?"

"Ó ń sùn ni, màámi."

Ó ní, "Ẹni tó bá sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ, ó fi ara ẹ̀ sí ìkáwọ́ ẹ ni." Ó padà sídìí ọṣẹ rẹ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ àwọn àgbà lásán ni.

Láti ìgbà náà, n kò wọ ọkọ̀ lásán mọ́. Màá gbé fóònù sí àyà bí ẹni tó ń ka àtẹ̀jíṣẹ́, màá sì máa ya wọ́n. Mo ya ẹni tó ń dá sọ̀rọ̀. Mo ya bàbá tí ṣòkòtò rẹ̀ ya nídìí. Mo ya obìnrin kan tó ń sunkún lórí fóònù, tó ń bẹ ọkọ rẹ̀ pé kó padà wálé nítorí Ọlọ́run. Ohùn ẹkún rẹ̀ ni àwọn ènìyàn gbà lẹ́nu, tí wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ kiri ìgboro.

Obìnrin yẹn wá mi rí ní Oríta-mẹ́rin. Kò pariwo. Ó kàn dúró síwájú mi.

"Àbúrò, ṣé ìwọ lo ya mí nínú ọkọ̀?"

"Ọkọ̀ wo, mọ̀mí?"

"Ọmọ mi ò lọ síléèwé mọ́. Wọ́n ń fi ẹkún mi pè é. Jọ̀ọ́, yọ ọ́ kúrò níbẹ̀."

Mo ní, "Ìta gbangba la wà, mọ̀mí. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí wọ́n rí òun, kó jókòó sílé ẹ̀."

Ó ní, "Owó ọkọ̀ ni mo san. Mi ò sanwó pé kí o gbé ojú mi lọ."

Mo yọ fóònù, mo tún ya èyí náà. Tí mo bá ń ro gbogbo ohun tí mo ṣe, ibẹ̀ ni mo máa ń dúró sí. Ká ní mo ti tẹ́tí sí obìnrin yẹn, mi ò ní sí níbí.

Ọjọ́ Sátidé kan ni, nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ìròyìn wà nígboro pé ọmọ kan sọnù, ẹ̀rù sì wà lára gbogbo ènìyàn. Mo wọ Máíkírà ní Géètì, Ọjà'ba ni ọkọ̀ náà ń lọ. Ìyá kan jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹ́rẹ́bà. Èmi àti ọkùnrin kan la wà lẹ́yìn. Yóò tó ẹni ogójì ọdún. Ó dé fìlà tó mọ́, ó sì gbé àpò ọ̀rá dúdú kan lé itan, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú bí ẹni gbé ẹyin. Ilé ẹjọ́ ni mo ti wá mọ̀ pé Gàníyù ni orúkọ rẹ̀, aránfìlà ní Ọ̀rányàn.

Ìyá tó wà níwájú ló kọ́kọ́ rí i.

"Bàbá, kí ló ń kán sílẹ̀ lára ẹrù yín yẹn?"

Ọkùnrin náà wolẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ni, ẹ̀kán méjì. Ó ṣí fìlà rẹ̀ kíá, ó fi nù ún. "Ẹ má bínú, ìyá. Kò sí nǹkan."

Fóònù mi ti wà lókè. Mo rí ẹnu ìkòkò amọ̀ kékeré kan nínú ọ̀rá náà, wọ́n fi aṣọ funfun dé e.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ gbé?"

"Ohun ilé wa ni."

"Ohun ilé yín wo ló ń ṣẹ̀jẹ̀?"

"Àbúrò, gbé nǹkan yẹn kúrò lójú mi. Mo bẹ̀ ọ́."

Ìyá iwájú bẹ̀rẹ̀ sí í ké "Láìlá! Láìlá!" Dẹ́rẹ́bà ní, "Mi ò fẹ́ wàhálà nínú ọkọ̀ mi o." Èmi ti fi fídíò náà síta ní tèmi. Mo kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé: Gbọ́mọgbọ́mọ rèé, ẹ̀jẹ̀ ń kán lára ẹrù ẹ̀, à ń bọ̀ ní Bẹẹrẹ, Ọjà'ba là ń lọ. Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í ya fídíò kejì.

Ní Bẹẹrẹ, ọkọ̀ kò lọ mọ́, gbogbo mọ́tò ti há. Dẹ́rẹ́bà sọ̀ kalẹ̀ láti wo ohun tó dí ọ̀nà, ìyá iwájú sì bá a sọ̀ kalẹ̀, ó ní òun kò bá wọn jókòó mọ́. Ó ku èmi àti ọkùnrin náà. Ó tẹ̀ mọ́ mi, mo ń gbọ́ èémí rẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

"Àbúrò, ìyàwó mi bímọ láàárọ̀ yìí. Ọdún mọ́kànlá la fi wá a. Olóbi ọmọ ni mo gbé, èyí tó bá a jáde nínú ìyá ẹ̀. Mo ń gbé e lọ sí agboolé wa láti lọ bò ó mọ́lẹ̀. Ìyá mi ní mi ò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà, kí ọwọ́ ọ̀tá má baà tó o. Ìwọ nìkan ni mo sọ fún. Jọ̀ọ́, pa nǹkan yẹn rẹ́."

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, mo gbọ́ ọ. N kò lè sọ pé n kò gbọ́. Ó sì yé mi. Olóbi tèmi náà wà lábẹ́ ilẹ̀ agboolé wa ní Beyerunká, lẹ́yìn kànga. Kò sí ọmọ Ìbàdàn tí kò mọ ohun tí ọkùnrin yẹn gbé.

Mo ní, "Mo ti gbọ́, ẹ̀gbọ́n."

Ó ní, "Ọlọ́run á fún ìwọ náà lọ́mọ."

Mo wo fóònù mi. Àwọn tó ń wò ó ń pọ̀ sí i, wọ́n ń kọ̀wé pé, "Má jẹ̀ẹ́ kó sá lọ o, Bàbá Kámẹ́rà." Mo rò ó pé tí mo bá sọ pé olóbi ọmọ lásán ni, wọn á fi mí rẹ́rìn-ín. Ohun tó dá mi dúró nìyẹn. Kò sí èṣù tó tì mí. Ẹ̀rín tí mo ti fi àwọn ẹlòmíì rín ni mi ò fẹ́ kí wọ́n fi èmi náà rín. Mo ti fóònù bọ àpò, mi ò pa nǹkan kan rẹ́.

Dẹ́rẹ́bà padà dé, ọ̀nà ṣí, a sì lọ. Nígbà tí a dé abẹ́ òkè Mapó, tí Ọjà'ba kù díẹ̀, àwọn ènìyàn ti dúró sójú títì. Fídíò mi ti dé ọ̀dọ̀ wọn kí ọkọ̀ wa tó dé. Igi wà lọ́wọ́ àwọn kan, òkúta wà lọ́wọ́ àwọn kan. Wọ́n dá ọkọ̀ dúró. Dẹ́rẹ́bà sá. Ọkùnrin dúdú kan tí mi ò mọ̀ rí ki orí bọ ojú fèrèsé, èmi ló sì kọjú sí.

"Bàbá Kámẹ́rà, ṣé òun nìyí?"

Gàníyù di ọwọ́ mi mú. "Àbúrò, sọ fún wọn. Sọ ohun tí mo sọ fún ẹ."

Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Ó wà lẹ́nu mi. Ká ní mo ti sọ ọ́ ni, wọn ì bá ṣí aṣọ funfun yẹn wò, wọn ì bá bú mi, wọn ì bá kí i kú ewu ọmọ.

Mo ní, "Òun ni."

Mo já ọwọ́ mi gbà, mo sọ̀ kalẹ̀, mo sì gbé fóònù sókè.

N kò ní kọ ohun tí wọ́n ṣe fún un. Kò pẹ́ rárá. Kò bá wọn jà, nítorí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lára ìkòkò náà, kò fẹ́ kó fọ́. Nígbà tó ṣubú ló tó fọ́.

Ìyá kan ló la àárín èrò kọjá. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo ohun tó wà láàárín àpáàdì, ó sì fi igbe ta.

"Olóbi ọmọ! Olóbi ọmọ lẹ fọ́ yìí! Ta ló bímọ? Níbo ni bàbá ọmọ wà?"

 Àwọn tó ń pariwo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ igi sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń yọ́ lọ. Ìyá náà wo ọkùnrin tó wà nílẹ̀, ó yé e. Ó wá gbójú sókè, ó rí mi. Fóònù ṣì wà lókè lọ́wọ́ mi.

Ìyá mi ni.

Ó ní, "Ìwọ lo pè wọ́n?"

 Ó tú gèlè orí rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ rẹ̀ kó olóbi náà sí i. Níbẹ̀ ni àwọn ọlọ́pàá bá mi.

Ní ilé ẹjọ́, agbẹjọ́rò ìjọba gbé fóònù mi kalẹ̀. Fídíò kejì yẹn, n kò fi í síta, n kò sì pa á rẹ́. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí a sọ nínú ọkọ̀ ló gbà sílẹ̀ kí n tó tì í bọ àpò. Gbogbo ilé ẹjọ́ gbọ́ ohùn òkú, wúyẹ́wúyẹ́: "Ìwọ nìkan ni mo sọ fún." Wọ́n gbọ́ èmi náà: "Mo ti gbọ́, ẹ̀gbọ́n."

Agbẹjọ́rò bi mí pé, "Lẹ́yìn èyí, wọ́n bi ọ́ bóyá òun ni. Kí lo sọ?"

"Mo ní òun ni, sà."

Kò bi mí ní nǹkan mìíràn. Ìyàwó Gàníyù jókòó lẹ́yìn, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. N kò lè wò wọ́n. Ọmọ yẹn sunkún lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì gbé e jáde.

Ìyá mi wá wò mí lóṣù tó kọjá. Ó ti gbó. Ó sọ fún mi pé òun gbé olóbi yẹn lọ sí Ọ̀rányàn nínú gèlè lọ́jọ́ náà. Ìyá Gàníyù fúnra rẹ̀ ló gbà á lọ́wọ́ òun. Wọ́n jọ gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n jọ dí i. Obìnrin náà dúpẹ́, ó sì bi í pé, "Ìyá ta ni yín?"

Mo ní, "Kí lẹ sọ fún un, màámi?"

Ó ní, "Mo ní ìyá ọmọ kan ni mí." Ó dìde, ó ní ó rẹ òun, ó sì lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin tí fóònù wà lọ́wọ́ yín, mi ò lóhùn ìwàásù. Mi ò sì ní kí ẹ ju fóònù nù. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá wọ ọkọ̀ lọ́la, tí ọwọ́ yín bá ń yún yín, ẹ rántí mi. Ẹni tó sùn tì yín, ẹni tó ń sunkún, ẹni tó gbé ẹrù tí kò fẹ́ kí ẹ rí, ẹ ò mọ ohun tó wà níbẹ̀, kò sì jẹ yín ní àlàyé. Ilé kan ló ń lọ, àwọn kan sì ń retí rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ gbé ojú yín sí fèrèsé.

Ẹ jẹ́ kó délé.