Lẹ́tà Tíṣà Tó Wà Nínú Ìwé Ìfẹ́ Mi

Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́ òṣèlú wa, ẹ má rò pé àkọsílẹ̀ ìpàdé tí mo máa ń kà fún yín nìyí. Òótọ́ ni mo fẹ́ sọ lónìí, kí a tó tún yan olùdíje mìíràn lóṣù tó ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti há mi lọ́fun bí eegun ẹja fún ọdún kan gbáko. Ẹ jẹ́ kí n yọ ọ́, kí n lè gbé itọ́ mì.

Ẹ rántí ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́sàn-án jókòó lórí bí ẹgbẹ́ yóò ṣe yan ẹni tí yóò díje lórúkọ wa. Àwọn kan ní kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ pàdé ní gbọ̀ngàn ilé-ìwé, kí a jiyàn, kí oníkálukú sì tò sẹ́yìn ẹni tó fẹ́. Wọ́n ní ohun tójú bá rí, kò sẹ́ni tó lè yí i. Àwọn yòókù ní rárá, ìwé ìdìbò ni kí a lò láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́, kí nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lè yà wá, kí ẹni tó ń bẹ̀rù ọ̀gá rẹ̀ sì lè tẹ̀ka ní kọ̀rọ̀. Mẹ́rin síbí, mẹ́rin sọ́hùn-ún. Ó ku Tíṣà àgbà, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, tó ní òun yóò fi lẹ́tà ránṣẹ́. Alága yíjú sí èmi akọ̀wé tí kò ní ìbò, ó bi mí pé ṣé lẹ́tà ti dé. Mo ní kò tíì dé, sà.

Irọ́ ni. Ó ti dé láti ọjọ́ tó ṣáájú, mo sì ti tú u kà. Inú ìwé ìfẹ́ tí mo ń kà lábẹ́ tábìlì ni mo kì í bọ̀, lójú ewé tí ọmọkùnrin kan ti ń la àárín èrò kọjá lọ bá olólùfẹ́ rẹ̀. Alága wá ní bó bá ti dọ́gba, ọ̀nà àtijọ́ la ó tẹ̀lé: ó di gbọ̀ngàn.

Kí ló sún mi débẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Awakọ̀ búrẹ́dì ni, ọmọkùnrin tó ń gbé búrẹ́dì gbígbóná wá sí ọ́fíìsì wa láràárọ̀, tí ìyẹ̀fun máa ń wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀. Mo ti to gbogbo rẹ̀ lọ́kàn. Àǹtí mi agbẹ̀bí, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, wà lára àwọn méjì tó ń díje. Èmi yóò dúró lẹ́yìn rẹ̀, awakọ̀ yóò rí mi, yóò sọdá gbọ̀ngàn níṣojú gbogbo ayé, yóò wá dúró tì mí. Bó bá jẹ́ ìwé ìdìbò ńkọ́? Ta ni yóò rí ìfẹ́ nínú àpótí? Òmùgọ̀ ni mí, mo mọ̀.

Ọjọ́ pé. Ẹnì kejì tó ń díje ni ọ̀gá oníbúrẹ́dì fúnra rẹ̀. Ó dúró lápá ọ̀tún, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó ń wo àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹní ń ka búrẹ́dì nínú ààrò. Abiyamọ kan tó ń bá a ṣiṣẹ́ ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ wa. Àǹtí ló gbẹ̀bí ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ojú òun àti ọ̀gá ṣe mẹ́rin. Ó bẹ̀rẹ̀ bí ẹni fẹ́ di okùn bàtà. Nígbà tó máa gbérí, ọ̀tún ló gbà lọ. Bàtà náà ò sì ní okùn. Awakọ̀ tèmi ńkọ́? Ó wò mí, ó wolẹ̀, ó tò sẹ́yìn ọ̀gá rẹ̀. Èèyàn mẹ́tàdínlógún ni wọ́n fi ju Àǹtí lọ.

Ìyẹn ò tíì burú tó. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Àǹtí jókòó ní kíṣìnì, ó bọ́ bàtà, ó ń fọwọ́ ra àtẹ́lẹsẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, ṣé àwọn èèyàn yìí kórìíra mi ni?" Lẹ́tà wà nínú báàgì mi. Mo mọ ìdáhùn. Mo ní, "Bóyá wọ́n ti gbàgbé oore ni, Àǹtí."

Láti ọjọ́ náà ni kò ti gba àdúgbò ilé búrẹ́dì kọjá mọ́. Bí wọ́n bá wá pè é síbẹ̀ fún ìrọbí, á ní òun ò ráàyè, kí wọ́n lọ sí ọsibítù. Tíṣà náà, nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ san, kò kí afìwéránṣẹ́ tó gbé lẹ́tà rẹ̀ mọ́. Ó ní ọkùnrin náà ló sọ lẹ́tà òun nù. Èmi tí mo mọ ibi tó wà, ẹnu mi wọlé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni awakọ̀ wá bá mi. Ó ti fi ilé búrẹ́dì sílẹ̀, bọ́ọ̀sì ilé-ìwé ló ń wà báyìí. Kò kúnlẹ̀ bí wọ́n ti ń ṣe nínú ìwé. Ó ní ojú ń ti òun. "Ká ní wọ́n fún wa níwèé ni, àǹtí rẹ ni ǹ bá tẹ̀ka fún. Èmi nìkan sì kọ́."

Mo gbé lẹ́tà náà lọ bá Àǹtí, mo kúnlẹ̀, mo rò ó látìbẹ̀rẹ̀. Ó wọ awò ojú, ó kà á sókè: "Ìwé ni kí ẹ lò. Ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ ń wò, ẹsẹ̀ ọ̀gá ló fi ń rìn." Ó ká lẹ́tà náà pọ̀. Mo ti ń retí ìgbátí.

"Wọn ò kórìíra mi nígbà náà?"

Mo ní rárá, Àǹtí. Ó yọ awò, ó nujú, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí. O wá dá mi lẹ́wọ̀n ọdún kan nítorí ọkùnrin tí ò lè sọdá gbọ̀ngàn." Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó gbé báàgì rẹ̀, ó forí lé àdúgbò ilé búrẹ́dì. Ó ní òun ń lọ wo ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn. Á ti máa rìn.

Ara mi ti fúyẹ́. Tíṣà, ẹ foríjì mí, kí ẹ sì kí afìwéránṣẹ́. Alága, bí ẹ bá ní kí n fi ipò akọ̀wé sílẹ̀, mo gbà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ bíi tèmi, ẹ máa ka ìwé ìfẹ́ yín o, ó dùn. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ohun tó jẹ́ ti gbogbo ìlú ṣe àmì ojú ìwé.

Lẹ́tà Tíṣà rèé, mo so ó mọ́ ìwé yìí. Ẹ kà á mọ́ ìbò. Ó ti di márùn-ún sí mẹ́rin.