Kò Sí Yìnyín, Kò Sí Ìtàn

[Agogo mẹ́sàn-án àárọ̀, oṣù kẹfà. Lẹ́nu ọ̀nà kóòtù kan ní Manitoba, ilẹ̀ Kánádà, fóònù Charlene Okemaw ń dún. Lọ́yà ni, ọmọ ìbílẹ̀ Cree, ó sì ti kó fáìlì dání dé àgbọ̀n. Àǹtí rẹ̀ Verna ló ń pè láti ojú ọ̀nà.]

VERNA: Charlene, ṣé o jí dáadáa? O ti jẹun?

CHARLENE: Ẹ káàárọ̀, Àǹtí. Ẹ ti dé?

VERNA: A ń bọ̀. Ṣé adájọ́ yẹn máa ń jẹ ẹja yíyan?

CHARLENE: Ẹ má gbé oúnjẹ fún adájọ́ o. Agogo mẹ́wàá ni wọ́n máa pe Bàbá wá jẹ́rìí. Níbo lẹ wà?

VERNA: Mo dúró lẹ́yìn ọkọ̀, lórí ẹrù. Ibẹ̀ nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà. Ṣé o gbọ́ mi?

CHARLENE: Mo gbọ́. Bàbá ńkọ́?

VERNA: Wọ́n wà níwájú, wọ́n ń mu tíì. Wọ́n wọ aṣọ ìgbéyàwó wọn, ó yẹ wọ́n. Jọ̀ọ́, ṣé fírísà wà ní kóòtù yẹn?

CHARLENE: Fírísà?

VERNA: Tó bá wà, ṣé yìnyín inú ẹ̀ pọ̀?

CHARLENE: Àǹtí. Kí ló ṣẹlẹ̀?

VERNA: Kò sí nǹkan kan. Ara Bàbá le. Wọ́n ṣáà ní àwọn ò ní sọ ìtàn yẹn.

CHARLENE: Ìtàn wo?

VERNA: Èwo ló tún kù? Ti bí ẹja ṣe bá àwọn baba ńlá wa ṣàdéhùn níbi tí adágún Kinosew ti há.

CHARLENE: Ẹ̀rí kan ṣoṣo tí mo ní nìyẹn. Ìpín karùndínlógójì ìwé òfin ilẹ̀ yìí fọwọ́ sí ẹ̀tọ́ wa, àmọ́ àwa la máa fi hàn pé a ti ń dẹ àwọ̀n níbẹ̀, pẹ̀lú òfin tiwa, kí òyìnbó tó dé. Bí Bàbá ò bá sọ̀rọ̀, àwọ̀n tí ìjọba gbà lọ́wọ́ yín lọ nìyẹn, ẹnikẹ́ni nínú wa ò sì ní—

VERNA: Mo ti sọ gbogbo ẹ̀ fún wọn. Wọ́n ní yìnyín ò sí nílẹ̀.

CHARLENE: Oṣù kẹfà la wà.

VERNA: Ohun tí wọ́n ń sọ nìyẹn.

CHARLENE: Áà. Mo gbàgbé. Ìgbà tí yìnyín bá bo ilẹ̀ nìkan ni wọ́n ń sọ ọ́.

VERNA: O gbàgbé? Ìgbà wo ni wọ́n sọ ọ́ fún ẹ, tí o ń kọ ọ́ sílẹ̀?

CHARLENE: Oṣù kejìlá.

VERNA: O rò pé òtútù ló ń mú wọn sọ̀rọ̀ ni? Alákọ̀wé. Hector ará abúlé wa sọ ìtàn kan nínú oṣù keje, ọ̀pọ̀lọ́ bá a sùn lórí bẹ́ẹ̀dì fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ìyàwó ẹ̀ kó jáde.

CHARLENE: Ṣé ẹ ò wá lè—

VERNA: Mo gbìyànjú. Mo ha yìnyín fírísà sínú abọ́, mo gbé e síbi ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n gbóòórùn ẹ̀. Wọ́n ní yìnyín ẹran àgbọ̀nrín nìyẹn, kì í ṣe ti ọ̀run. Ṣé o gbọ́ mi?

[Afẹ́fẹ́. Ajá kan ń gbó.]

VERNA: Charlene? Ní kí adájọ́ sún ẹjọ́ síwájú di oṣù kìíní.

CHARLENE: Lọ́yà ìjọba ló kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀ fún ìyẹn. Èmi ni mo kọ̀.

VERNA: Òótọ́ ni. O lu tábìlì. O ní a ti dúró fún àádọ́jọ ọdún, a ò ní fi ọjọ́ kan kún un.

CHARLENE: Ẹ̀yin náà pàtẹ́wọ́.

VERNA: Mo pàtẹ́wọ́ dáadáa. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

CHARLENE: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní Bàbá.

VERNA: Àfi kí wọ́n gùn ún wá síbí. Bàbá! Ẹ rọra. Ẹsẹ̀ yín, ẹja nìyẹn.

[Ìlẹ̀kùn ọkọ̀. Àgbàlagbà kan ń mí hẹlẹhẹlẹ.]

BÀBÁ: Ta nìyẹn?

CHARLENE: Èmi ni, Bàbá. Ẹ káàárọ̀. Mo bẹ̀ yín, lọ́yà ìjọba máa dìde lónìí, á ní a ò ní òfin kankan níbẹ̀. Á ní bí ẹyẹ ṣe ń ṣa ẹja jẹ la ṣe ń ṣa á. Tí ẹ ò bá sọ ìtàn yẹn—

BÀBÁ: Yìnyín ò sí nílẹ̀.

CHARLENE: Mo mọ̀. Kí ni kí n wá sọ fún adájọ́?

BÀBÁ: Sọ pé òfin ni.

CHARLENE: Ẹ̀n?

BÀBÁ: Ta ló fi dè mí? Bàbá mi. Ta ló fi de bàbá mi? Bàbá tiẹ̀. Máa kà á lọ títí, o ò ní bá òyìnbó kankan níbẹ̀. Wọ́n ní a ò ní òfin. Kí wá ni mo ti ń pa mọ́ láti àárọ̀, tí ọmọ mi fi ń gbé yìnyín ẹran sí mi lẹ́sẹ̀?

[Fáìlì já bọ́ sílẹ̀. Charlene ò ṣà á.]

CHARLENE: Bàbá. Ṣé ẹ lè sọ èyí gan-an fún adájọ́? Lónìí?

BÀBÁ: Èyí kì í ṣe ìtàn. Òfin ṣeé sọ nínú oòrùn.

CHARLENE: Lẹ́yìn náà, èmi fúnra mi á tọrọ oṣù kìíní fún ìtàn yẹn. Lọ́yà ìjọba á fi mí rẹ́rìn-ín.

BÀBÁ: Kó rẹ́rìn-ín. Kí òun àti adájọ́ sì wọ bàtà tó nípọn wá.

CHARLENE: Àǹtí, ẹ máa wa ọkọ̀ bọ̀. Ṣé ẹ gbọ́ mi? Àǹtí, ṣé ẹ gbọ́—

VERNA: [láti òkèèrè] Bàbá, ẹ sọ̀ kalẹ̀ ká máa lọ. Ẹ má jókòó síbẹ̀— ẹ ti jókòó lórí ẹja adájọ́.

[Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ bú. Ìlà já.]