Rímù Tó Ti Táyà Síta Díẹ̀

Ní ìsọ̀ kan tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ ní Tema, lórílẹ̀-èdè Ghana, ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tọkọtaya Yorùbá kan tí wọ́n wá ra nǹkan sí alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí ìyàwó fi ń gun òkè.

"Ìyá Ìbejì, jẹ́ ká ra apá irin gígùn tó ń di táyà mú yìí, kí táyà lè fẹ̀ síta dáadáa. Lọ́jọ́ tí alùpùpù náà dojú dé mọ́ ọ, ẹ̀mí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́."

"Mo mọ̀, Bàbá Ìbejì. Ṣùgbọ́n ọ̀nà òkè yẹn tóóró. Bó bá fẹ̀ jù, kò ní í ráàyè gba àárín àpáta kọjá. Ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ rímù nìkan. Èyí yóò ti táyà síta díẹ̀, yóò sì dúró dáadáa."

Ọkọ yẹ rímù náà wò títí. "Kì í ṣe pé mo fẹ́ dá ọ dúró o. Mo kàn fẹ́ kó o máa padà wálé ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ìyàwó di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú.

"Lọ́jọ́ Àìkú, ẹ jókòó sẹ́yìn mi, kẹ́ ẹ fojú ara yín rí i."

"Èmi? Lórí òkè?"

Ọkọ rẹ́rìn-ín, ó ní kí ọlọ́jà di rímù mẹ́rin, kó sì fi akoto kan tó máa gba orí òun kún un.